Imí Eṣú Kì í Ṣe Ìgbẹ́ Èṣù

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa: imi esu. Báyìí ni ẹ ó ṣe rí i nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á fẹ́ pè é, ahọ́n á sì kọ́. Ṣé imí ni àbí ìmí? Ṣé eṣú ni àbí Èṣù? Tí a bá ṣírò rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: imí eṣú, ìmí eṣú, imí Èṣù, ìmí Èṣù. Ìgbẹ́ kòkòrò, èémí kòkòrò, ìgbẹ́ òrìṣà, èémí òrìṣà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ orúkọ ewé. Àwọn mẹ́ta yòókù, kíbọ́ọ̀dù ló bí wọn.

Ewé tí à ń sọ kò ṣòro rí. Ó wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ọ̀nà, nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Láàárín ọdún kan, á hù, á so, á kú. Hóró tó ti gbọ̀n sílẹ̀ ló ń gba ipò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í sábà ga ju mítà kan lọ. Irun wẹ́wẹ́ wà lára ewé àti ọ̀pá rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó ṣù jọ sórí bí òwú tí wọ́n rẹ sínú aró tó ti ṣá, kò funfun tán, kò sì ṣe àlùkò tán. Ẹ fi ọwọ́ fún ewé náà, òórùn kan á jáde tí ẹ ò ní tètè gbàgbé. Àwọn àgbà máa ń fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ tútù kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Ageratum conyzoides.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ koríko. Ó kàn án gan-an. Lédè Yorùbá, orúkọ ewé kì í ṣe ohun tí a kàn lẹ̀ mọ́ ewé bí ẹni lẹ iye owó mọ́ ọjà. Orúkọ wà lára iṣẹ́ tí ewé ń ṣe. Babaláwo tó fẹ́ lo ewé á pe orúkọ rẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú orúkọ náà gan-an pàṣẹ ohun tó fẹ́ kí ewé ṣe fún un. Ọfọ̀ nìyẹn, ewì sì ni ọfọ̀. Ìwé tó jẹ́ kí èyí hàn kedere jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ti kà ni ìwé Pierre Verger tó ń jẹ́ Ewé. Òun la fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. A ó fi imí eṣú ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ewé kékeré yìí fi ibi tí ìwé náà lágbára hàn, ó sì fi ibi tó ti kùnà hàn.

Ìlú Paris ni wọ́n bí Verger sí lọ́dún 1902. Ayafọ́tò ni. Ó dé Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil lọ́dún 1946, ibẹ̀ sì di ilé rẹ̀. Lọ́dún 1953, ní Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, ìyẹn ni pé Ifá tún mi bí. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ ìwé kékeré kan jáde fún un lọ́dún 1967 lórí àwọn ewé Ọ̀sanyìn. Ìwé ńlá náà, Ewé, jáde ní São Paulo lọ́dún 1995. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó kú sí Salvador. Oògùn 447 ló wà nínú rẹ̀, tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́fà: oògùn àìsàn, ti ìbímọ, ti òrìṣà, àwúre, àbìlù àti ìdáàbòbò. Yorùbá wà lápá kan, èdè Potogí lápá kejì. Lẹ́yìn ìwé ni àkójọ orúkọ ewé wà, ti Yorùbá àti ti Látìn.

Ẹ ṣí ìwé náà síbi tó bá wù yín, ẹ ó rí i pé ìlànà kan náà ló ń tẹ̀ lé. Yóò ka àwọn ewé àti nǹkan mìíràn tí ẹni náà máa lò. Yóò sọ ohun tí wọn ó ṣe sí wọn: kí wọ́n gún un, kí wọ́n sè é, kí wọ́n jó o, kí wọ́n pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú. Yóò sọ odù tí wọn ó tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Lẹ́yìn náà ni ọfọ̀. Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun, ojú ẹsẹ̀ ni irú ìtò báyìí máa ń wù wá. Ohun tó wọlé, iṣẹ́ tí a ṣe sí i, ohun tó jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sọ̀rọ̀ Ifá lórí ìkànnì ló sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé kóòdù ni Ifá, pé àwọn baba wa ti ń ṣe kọ̀ǹpútà kí òyìnbó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ìfiwé yẹn fọ́ síbi tó ṣe pàtàkì jù. Nínú kóòdù, orúkọ kò kan ẹ̀rọ. Àpò tí à ń kó iye sí, ẹ lè pè é ní owóOṣù, ẹ lè pè é ní x. Iṣẹ́ kan náà ni kọ̀ǹpútà máa ṣe. Kódà, kí a tó gbé kóòdù lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, irinṣẹ́ wà tó ń gé gbogbo orúkọ gígùn kúrú sí lẹ́tà kan ṣoṣo kí fáìlì lè fúyẹ́. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Èèyàn nìkan ni orúkọ wà fún níbẹ̀, ẹ̀rọ ò bìkítà.

Ẹ wá gbìyànjú irú ẹ̀ nínú ọfọ̀. Ewé kan wà tó ń jẹ́ dágunró, Acanthospermum hispidum. Dá ogun ró: orúkọ ni, àṣẹ ni. Èso rẹ̀ kún fún ẹ̀gún, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán gba inú rẹ̀ kọjá á mọ ìdí tí ogun fi ní láti dúró. Ẹ yọ dágunró kúrò nínú ọfọ̀ tó ń lé ogun, ẹ fi orúkọ ewé mìíràn tí kò ní dá, tí kò ní ró, rọ́pò rẹ̀: ọfọ̀ yẹn ti kú. Patanmọ́ ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan án, ewé rẹ̀ á pa dé bí ẹni pa itan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan pa dé, kó má ṣí mọ́, ti rí ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Àlùpàyídà náà ń bẹ, tí yídà wà nínú orúkọ rẹ̀ gbangba. Ọ̀rọ̀ ìṣe inú orúkọ ni ọwọ́ tí a fi ń di ewé mú.

Ohun tí Verger rí nìyí, òun ló sì jẹ́ kí ìwé rẹ̀ ju àkójọ lásán lọ. Kí òun tó dé, kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò ka orúkọ ewé wa sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ náà, a rí àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá: ìwé orúkọ ewéko lédè Yorùbá tí Z. A. Gbile ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún 1984, àti ìwé Burkill tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní Kew lọ́dún 1985, tó kárí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láìsí irú wọn, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ewé báyìí ni Látìn báyìí. Ṣùgbọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orúkọ Yorùbá kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Haúsá àti ti Ìgbò bí èrò ọkọ̀. Verger ló fi hàn pé orúkọ náà ń ṣiṣẹ́, pé tí a bá yọ ọ́ kúrò, oògùn kò pé. Ìyẹn ni pé lójú rẹ̀, ewì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi sára ìṣègùn. Ara èròjà ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá gbé imí eṣú síwájú ìlànà yìí. Níbo ni ọ̀rọ̀ ìṣe wà? Imí, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Eṣú, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Kò sí dá, kò sí pa, kò sí yí. Kò sí àṣẹ kankan tí a lè fà yọ. Ìlànà Verger dé ọ̀dọ̀ ewé yìí, ó na ọwọ́, kò rí ibi tó máa dì mú. Imí eṣú nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé ló ń jẹ́ orúkọ tó jẹ́ àwòrán lásán, tàbí èébú, tàbí ẹ̀fẹ̀: etí ẹran báyìí, ìrù ẹran tọ̀hún, nǹkan ẹyẹ kan. Ṣé ká wá sọ pé kì í ṣe ewì nìyẹn?

Ewì ni o. Ẹ̀yà ewì mìíràn ni. Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà ka orúkọ yìí, gbogbo wọn ló sì nítumọ̀. Àkọ́kọ́ ni òórùn: ewé tó ń rùn báyìí, kí lẹ fẹ́ kí àgbẹ̀ pè é? Èkejì ni hóró rẹ̀, tó kéré, tó dúdú, tó máa ń gbọ̀n sílẹ̀ bí ohun tí kòkòrò yà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wù wá jù. Tí eṣú bá bà sí oko, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ fún olóko àfi ìgbẹ́ rẹ̀. Olóko á padà wá, ilẹ̀ á ti ṣófo, ohun tó sì máa kọ́kọ́ yọjú lórí ilẹ̀ tó ṣófo ni ewé yìí, tó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí kò ṣeé jẹ. Imí eṣú: èyí tí eṣú ṣẹ́ kù fún wa. Nínú ọ̀rọ̀ méjì péré, àgbẹ̀ ti sunkún tán, ó sì ti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ibí ni a ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé Verger. Babaláwo ló fetí sí, ohùn babaláwo la sì ń gbọ́ nínú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohùn tó ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe babaláwo nìkan ló ń sọ ewé lórúkọ. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ bá a jà ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó ń tà á lọ́jà ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọdé tó ń fi í ṣeré ń sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tiwọn kì í pàṣẹ. Ó ń ráhùn, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń yàwòrán. Ẹni tó bá ka Ewé nìkan á rò pé gbogbo orúkọ ewé Yorùbá jẹ́ àṣẹ tó fi ara pamọ́, á sì máa wá ọ̀rọ̀ ìṣe kiri níbi tí kò sí. A ti rí irú ìtumọ̀ àfipáṣe bẹ́ẹ̀ púpọ̀ jù, níbi tí wọ́n ti ń já orúkọ sí wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi rí ohun tí wọ́n ń wá.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé àwòrán náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn pe ewé kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní koríko òbúkọ. Ní Brazil, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ rẹ̀ ni catinga-de-bode, òórùn òbúkọ ni ìyẹn náà. Ní Vietnam, cứt lợn ni wọ́n ń pè é, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ará Vietnam kò bá Yorùbá jókòó pọ̀ kí wọ́n tó dórí ìgbẹ́. Imú ló kó wọn débẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó yà kúrò nínú ẹgbẹ́ ni Linnaeus, ará Sweden, tó fún un ní orúkọ Látìn lọ́dún 1753. Ageratum wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí aláìgbó, ẹni tí kì í darúgbó, nítorí pé òdòdó irú ewé bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó rọ. Ẹ ò rí i? Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, oríkì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní orúkọ ìbílẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ohun kejì tí imí eṣú fi hàn tún le ju èyí lọ. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá, kó tó tàn ká gbogbo ibi tí oòrùn ti mú. Ẹ tún gbọ́: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni dágunró náà ti wá. Ibẹ̀ ni patanmọ́ ti wá pẹ̀lú. Àwọn ewé tí ọfọ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí a ń pe orúkọ wọn bí ẹni pe orúkọ baba ńlá ẹni, àlejò ni wọ́n. Òkun ni wọ́n gbà wọlé.

Àwọn kan á rò pé èyí bu ẹ̀tẹ́ lu ọfọ̀. Lójú tiwa, ọlá ló fi kún un. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnì kan wà, ní ọjọ́ kan, lábúlé kan, tó rí koríko ẹlẹ́gùn-ún tí kò rí rí, tó wò ó títí, tó sọ pé: èyí dá ogun ró. Orúkọ náà dùn débi pé ọfọ̀ gbà á wọlé. Ẹlòmíràn lè sọ pé bóyá ewé àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà kí wọ́n tó gbé e fún àlejò. Kò burú. Ẹni tó gbé orúkọ fún àlejò náà ti ṣiṣẹ́ akéwì. Iṣẹ́ náà kò sì tíì dópin. Nígbà tí koríko mìíràn láti Amẹ́ríkà, Chromolaena odorata, gbalẹ̀ kan ní ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn èèyàn wa sọ ọ́ ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀. Òun náà, wọ́n ń fún un sójú ọgbẹ́. Ìtàn òṣèlú odidi ìran kan ti wọ inú igbó. Kò sí babaláwo kankan níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ aráàlú ni.

Ìwé Verger kò jẹ́ kí a rí irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí. Lábẹ́ oògùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà, orúkọ oògùn wà, ewé wà, ọfọ̀ wà. Ẹni tó sọ ọ́ kò sí, ìlú rẹ̀ kò sí, ọdún kò sí. Lójú àwa tó mọ iyì ìtàn kóòdù, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́, àlàfo ńlá ni. Oògùn 447 wá dà bí ohun tí ẹnu kan ṣoṣo sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹnu púpọ̀ ni, ọjọ́ púpọ̀ ni, wọ́n sì lè má fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tó ka ìwé náà tán á gbóríyìn fún Yorùbá, á sì gbóríyìn fún Verger. Kò ní rí ẹnì kan láàárín àwọn méjèèjì tó lè gbóríyìn fún.

Síbẹ̀, ibi tí Verger wà, òun ló yẹ kó kọ ìwé náà. Ewé yìí ti Amẹ́ríkà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa ní ẹrú lọ sí òdìkejì òkun náà. Nígbà tí wọ́n dé Bahia, ewé wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n, pẹ̀lú orúkọ mìíràn: mentrasto. Ojú ìwé Verger, Yorùbá lọ́tùn-ún, Potogí lósì tàbí òdìkejì rẹ̀, àwòrán ìrìnàjò yẹn ni. Ẹ kàn ṣàkíyèsí ohun tí apá Potogí kò lè gbé. Ìtumọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n dá inú dágunró kò gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Potogí, ẹ má rò pé ìdajì ìwé lẹ ní. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ yín ni ìwé náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ lè ka àmì ohùn.

Èyí ló dá wa padà sí imi esu. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni eṣú. Nínú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ẹyọ mẹ́ta: e, ṣ tó ti lẹ̀ mọ́ àmì rẹ̀, ú tó ti lẹ̀ mọ́ ohùn rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹyọ márùn-ún: e, s, àmì abẹ́, u, àmì òkè. Méjèèjì rí bákan náà lójú. Ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n á ní òun kò rí ohun tí ẹ ń wá. Kí wàhálà má baà pọ̀, ojútùú tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, kí wọ́n da gbogbo àmì nù, kí wọ́n tọ́jú ìyókù. Ìlà kan péré ni nínú kóòdù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún èdè tí àmì ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Fún Yorùbá, ó dà bí ẹni tó gé gbogbo orúkọ inú ọfọ̀ kúrú kí fáìlì lè fúyẹ́.

Ẹ wo ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo Èṣù fún ọ̀tá Ọlọ́run nínú Bíbélì Yorùbá, ìjà tí èyí dá sílẹ̀ kò sì tíì tán lórí ìkànnì títí dòní. Bíbélì kan náà lo eṣú fún kòkòrò tó jẹ oko àwọn ará Íjíbítì run. Àmì ló la àwọn méjèèjì láàárín. Ẹ yọ àmì, eṣú di Èṣù. Ẹ fi ìtumọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lé e, Èṣù di èṣù burúkú. Ẹ wá ní ewé tó ń jẹ́ ìgbẹ́ ẹ̀mí búburú. Ìgbésẹ̀ méjì péré. Ẹni tó bẹ̀rù á ní kí wọ́n hú u dànù nítorí orúkọ. Ẹni tó fẹ́ràn àdììtú á ní agbára Èṣù wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó rí eṣú, tó rí oko tó ṣófo, kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì náà ń dá sí i. Nínú àpilẹ̀kọ wọn, orúkọ Yorùbá sábà máa ń fara hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìbẹ̀rẹ̀, láìlámì, bí ẹni kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n rí nínú ewé yìí tó ohun à ń fetí sí. Lọ́dún 1976, William Bowers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí èròjà kan nínú mọ̀lẹ́bí ewé yìí, Ageratum houstonianum, tó ń mú kí ọmọ kòkòrò dàgbà ṣáájú ọjọ́. Wọ́n pe èròjà náà ní precocene. Ó wà nínú imí eṣú náà, ó sì máa ń ran eṣú. A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ báyìí: pé àwọn baba wa ti mọ̀, ìdí nìyẹn tí eṣú fi wà nínú orúkọ. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Imí eṣú ni wọ́n pè é. Wọn kò pè é ní apeṣú. Yorùbá tó sọ dágunró mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe sínú orúkọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Ká bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n sọ, ká má fi ohun tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu.

Ohun kejì kò ṣeé fi ṣeré. Imí eṣú ní oríṣi èròjà kan, pyrrolizidine alkaloid, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 2001, àìsàn ẹ̀dọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn èèyàn ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Tigray ní Etiópíà. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ewé yìí, tó ń dàpọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ewé tí a ń fún sójú ọgbẹ́ lọ́tọ̀, ewé tó ń wọ inú ikùn lemọ́lemọ́ lọ́tọ̀.

A mẹ́nu ba èyí nínú lámèyítọ́ nítorí pé ọ̀nà tí èèyàn gbà ka ìwé lè pa á. Ẹni tó bá ka Ewé bí ìwé ìdáná, tó ń já oògùn kan níbí, tó ń gbé e sórí fídíò ìṣẹ́jú kan, ti ka ìwé náà gbòdì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀: ewé mélòó, omi tó báwo, ọjọ́ mélòó, ta ni kò gbọdọ̀ mu ún. Ìmọ̀ yẹn kò sí lórí bébà rí. Ọwọ́ ọ̀gá ló wà, ọmọ iṣẹ́ sì máa ń fi ọdún púpọ̀ gbà á. Ohun tó wọ inú ìwé ni apá tí ẹnu lè sọ: orúkọ àti ọfọ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí Verger gbà là fún wa ni ewì. Oògùn kò tẹ̀ lé e wọlé.

Ìdájọ́ wa nìyí. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣègùn, Ewé kò pé, ó sì léwu lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn, ó gbàgbé àwọn tó ni ìtàn. Gẹ́gẹ́ bí àkójọpọ̀ ewì, a kò tíì rí èkejì rẹ̀, ó sì yẹ kó wà lórí tábìlì gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ ewì Yorùbá lónìí, ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń fipá mú wa kà nílé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ kà á sókè. Níbi tí ìwé náà bá ti pàṣẹ, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe. Níbi tí orúkọ kò bá ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ dúró, ẹ wo àwòrán tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè irú ẹni tó lè yà á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù ewé, tí ẹ ń kó orúkọ jọ sínú dátábéèsì, a mọ̀ pé ẹ pọ̀, iṣẹ́ rere lẹ ń ṣe. Ẹ tọ́jú ojúlówó orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ lè ṣe ẹ̀dà aláìlámì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣàwárí, kò gba ààyè kankan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlú tí ẹ ti gbọ́ orúkọ àti ọdún tí ẹ gbọ́ ọ. Tí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ bá gbà kí ẹ kọ orúkọ òun, ẹ kọ ọ́. Tí orúkọ méjì bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì. Verger ní pẹ́ńsù àti kámẹ́rà, ó sì gbé 447 kalẹ̀. Ẹ̀yin ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, tó ń ya fọ́tò, tó sì mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Eṣú ni o, ohùn òkè ló wà lórí u rẹ̀. Ẹ fi sí i.